Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi Tí Mo Fín Sára Àwo Pósí

Èmi ni mo fín in. Kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po. Orúkọ ìyá ọkọ mi, orúkọ rẹ̀ pátápátá, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi fín in sára àwo idẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ orí pósí, obìnrin náà sì wà láàyè, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bọ́ládé lárààárọ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi dáadáa o, torí àwọn ẹbí ọkọ mi wà lórí page yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gan-an, ibí ló ń sùn. Gbogbo orúkọ tí mo bá pè níbí, mo ti yí i padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ máa bú mi, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ tán. Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ fóònù yìí.

Ìsọlọ̀ là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nylon ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká lọ sinmi sílé, àwọn máa pè wá padà... títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, wọn ò tíì pè. Ọkọ mi ń ṣe clerk ní Àjàó Estate lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun, ó ní kí n jókòó, òun á máa bọ́ wa. Mo jókòó, mò ń wo ògiri. Ó wá di ọjọ́ kan, school ọmọ mi rán mi pé kí n lọ bá wọn kọ orúkọ sára ife ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa. Mo dé ṣọ́ọ̀bù náà, mo bá bàbá àgbàlagbà kan, ará Ìwó, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó gbé iṣẹ́ lé orí àpò awọ kékeré kan tí wọ́n rọ iyanrìn sí, ó mú irin ṣóńṣó kan tí ìdí rẹ̀ rí roboto, ó fi ìdí irin náà ti àtẹ́lẹwọ́, ó ń tì í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò tan iná, kò lo engine. Idẹ ń ká jáde níwájú irin bí irun tí wọ́n ń gẹ̀, orúkọ sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, mi ò tíì rí nǹkan tó wọ̀ mí lára báyẹn rí láyé mi. Mo jókòó tì í títí ó fi ṣe tán, mo gbàgbé pé mo gbé omi kaná sílé.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní iṣẹ́ sùúrù ni, ojú mi sì jọ ojú ẹni tí kò ní sùúrù. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mò ń lọ, mò ń lọ, títí ó fi sú u, ó ní kí n mú àga. Àìmọye oṣù ni mo fi ń fa ìlà lásán. Ìlà ṣáá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà tó nípọn, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tó wá sanra láàárín tó tún padà tín-ín-rín. Irin á yọ̀, á wọ àtàǹpàkò mi, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí idẹ, ọ̀gá á ní kí n nù ún kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tó bá ń yí ọwọ́ kò ní mọ̀ ọ́n fín láéláé, idẹ ni kí n máa yí, kí ọwọ́ dúró sójú kan. Ìgbà tó yá mo fín lẹ́tà S kan, ó yí lọ, ó yí bọ̀, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀. Ọ̀gá gbé e jáde sínú òòrùn, ó wò ó, ó wá lọ ra malt tútù kan wá fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní script, àwọn lẹ́tà tó máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú yẹn, tí ìrù èyí tó kẹ́yìn máa ń ká lọ sábẹ́ gbogbo orúkọ. Àwọn kan á ní ṣé kò sí machine tó ń ṣe é ni. Ó wà, Òṣòdì kún fún un. Àmọ́ àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fẹ́ kó kọ orúkọ wọn, sínú òrùka ìgbéyàwó, sára àwo ẹnu ilẹ̀kùn, àti sórí pósí.

Ti pósí yẹn, ọ̀gá ní òfin tirẹ̀ fún un, ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí torí ó máa padà wá. Orúkọ mìíràn tá a bá fín tán, a máa ń kà á sókè fún ẹni tó ni ín ká lè jọ mọ̀ pé ó pé. Ti pósí, a kì í kà á sókè. Ìka la fi máa ń tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a ó wá dákẹ́. A kì í sì í fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orí tábìlì la máa gbé e sí, a ó sún sẹ́yìn, ẹni tó ni òkú á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé, ó ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, àti pé òkú ẹni kì í ṣe ẹrù tí àjèjì ń gbé runi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ yìí, gbogbo ẹbí ọkọ mi ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí Bùsọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mo ní ibí ló ń sùn, ní kí n kúkú lọ kọ́ṣẹ́ vulcanizer, ó ní obìnrin wo ló ń fi irin họ irin. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín sí i. Mama nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Mama ń ta bọ́tìnì àti sípù ní Bọ́ládé, abẹ́rẹ́ ti gún ìka tiẹ̀ náà títí, tí mo bá lọ kí i, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ gbà wò, á wo ibi tí irin ti gé mi, á ní, ìyàwó mi, ó ti ń jinná. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń dùn mí. Ìyá tó bí mi ti kú, Mama ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rín wọn jọra.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, Mama wọ kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò pè mí tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ kó yọ̀ǹda mi díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe sin Baba, ọkọ rẹ̀, fún mi. Àwọn ọmọ ń sáré nígbà yẹn, bébà tó ń dán ni wọ́n kọ orúkọ Baba sí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósí. Òòrùn mú un lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó dé ibojì, bébà yẹn ti ká kúrò, ó já bọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Mama ló rí i, òun nìkan. Ó ní wọ́n sin ọkọ òun láìlórúkọ, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni torí kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ lè ṣe sí i mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ara òun. Òun fẹ́ tòun kó jẹ́ idẹ, kó jẹ́ fínfín, kí òun fi ojú ara òun rí i, ọwọ́ mi lòun sì fẹ́ kó ṣe é. Ó ní kí n jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ tóbi ju ìyókù lọ, torí láti ìgbà tí Baba ti lọ, kò sẹ́ni tó tún pe òun ní Àbẹ̀kẹ́. Mama, Grandma, Ìyá Bùsọ́lá... ó ní ó ń ṣe òun bíi pé orúkọ tòun náà ti ń ká kúrò lára.

Mo kọ̀ ná o. Mo ní Mama, àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ó ní ìyẹn gan-an ni. Ṣé mo rántí ìgbà tí òòyì kọ́ òun ní ṣọ́ọ̀bù, bí Bùsọ́lá ṣe fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa kó gbé òun lọ sílé rẹ̀ ní Ìkòròdú kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n? Tí wọ́n bá gbọ́ pé òun ti ń ṣètò pósí, wọ́n á ní òun ti fẹ́ kú, wọ́n á kó ẹrù òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wá ní kí n fi ọmọ mi búra pé ẹnu mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi. Mo sì búra. Òmùgọ̀ ni mí, ẹ lè sọ ọ́, mo ti sọ ọ́ fún ara mi ṣáájú yín.

Mo fi ọkàn ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo ti fín, mi ò lè rántí wọn mọ́, àmọ́ ìyẹn, tí mo bá di ojú mo ṣì ń rí i. Mo jẹ́ kí ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn ká lọ sábẹ́ orúkọ, kó padà wá fara kan A àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìbí wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ máa ń fi ge kéèkì, Mama ló sọ fún mi. Ibi tí ọjọ́ kejì máa wà, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì, mo sún sẹ́yìn. Mama mú un, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì kà á sókè. Orúkọ ara rẹ̀, látòkè dé ilẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá wúkọ́, ó yíjú sógiri. Mama rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, torí Bùsọ́lá máa ń tú àpótí òun tó bá wá tún ilé ṣe. Mo fi gèlè ògbólógbòó wé e, mo fi sísàlẹ̀ wardrobe mi. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Kí ló wá tì mí sẹ́nu ẹkùn? Kúlà. Àǹtí Bùsọ́lá wá yá kúlà ńlá mi, mo wà ní kíṣìnnì, mo ní ẹ wo ìsàlẹ̀ wardrobe, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà. Obìnrin tí wọ́n ní kó mú kúlà, kí ló kàn án pẹ̀lú gèlè tí wọ́n wé? Mo gbọ́ igbe. Kí n tó nu ọwọ́ mi, ó ti ya fọ́tò. Kí n tó sọ̀rọ̀, fọ́tò ti wà lórí WhatsApp ẹbí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá wo ohun tí ìyàwó yìí ń ṣe sí ìyá wa. Ibi tí mo fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí ló dẹ́rù bà wọ́n jù. Wọ́n ní ọjọ́ ikú ni mo ń retí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀fọ́rí tó ti ń ṣe Mama, orúnkún tó ti ń dùn ún kí n tó mọ ọkọ mi rárá, òòyì tó kọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ló di tèmi.

Wọ́n pe ìpàdé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, nínú pálọ̀ Mama ní Òṣòdì. Dádì Ìlasà, àbúrò Baba, ló ṣe alága. Mo lọ tìgboyàtìgboyà o, mo ń sọ lọ́kàn mi pé Mama wà níbẹ̀, Mama ò ní jẹ́. Wọ́n bi mí, ta ló rán mi? Mo ní mi ò lè sọ. Wọ́n bi mí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò lè sọ. Dádì Ìlasà wá bi mí pé ibo ni mo ti rí ọjọ́ ìbí Mama, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bí pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní làákàyè, ta ló lè sọ ọjọ́ ìbí Mama fún mi bí kò ṣe Mama? Ìdáhùn wà níwájú wọn níbẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ró ìró. Mo wo Mama. Mama wo etí ìró rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ... kò gbé ojú sókè. Àwọn àgbà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà. Orí mi wọ́. Etí ìró ló ń wò.

Orí mi gbóná nígbà yẹn. Mo ní tó bá jẹ́ pé àwo ló ń pa èèyàn, ọ̀gá mi ìbá ti pa gbogbo ará Ìsọlọ̀ tán. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi ló máa ń kó bá mi. Àǹtí Bùsọ́lá ní ẹ ò rí i, ó ti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí wọ́n ti dá a pé kí n padà wá ní Sunday tó ń bọ̀, kí n kúnlẹ̀ níwájú Mama, kí n jẹ́wọ́ pé mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ro ibi sí i, kí n kó gbogbo irin mi wá kí wọ́n dà á sí canal, kí n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ sílé bàbá mi. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi tó ń wọ òrùka tí mo fín orúkọ mi sínú ẹ̀. Nígbà tá a délé, ó gbé àwo náà sórí sìmẹ́ńtì ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi òòlù gbá a, ó gbá a, ó gbá a títí ó fi ká bí ewé tó gbẹ. Orúkọ ṣì ń hàn lára rẹ̀. Ohun tí irin bá ti gé, òòlù ò lè pa á rẹ́, ó kàn lè wọ́ ọ ni. Ìyẹn tún bí i nínú sí i, ó sọ ọ́ sí gọ́tà.

Ẹ máa ní ṣebí orúnkún lásán ni, kúnlẹ̀ kọ́rọ̀ tán. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá mi sọ. Ó ti mú ọjọ́ freedom mi, ìparí oṣù yìí ló fẹ́ gbàdúrà fún mi, kó fi irin tirẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, kí n máa dá ṣe. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n lọ jẹ́wọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni níwájú ọ̀gá, òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Mama wá, ó mọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń wọ ilé onílé. Ó ní ohun kan péré tóun lè sọ ni pé orúkọ èèyàn lèmi àti òun ń tà. Tó bá ti jáde pé mo fi ẹnu ara mi sọ pé mo fín orúkọ alààyè láti fi ṣe é ní ibi, ta ló tún máa gbé orúkọ ọmọ rẹ̀ wá fún mi? Ìyàwó wo ló máa gbé òrùka rẹ̀ wá? Ó ní freedom tóun bá fún mi lẹ́yìn ìyẹn, bíi kéèyàn fún afọ́jú ní dígí ni. Ṣé ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi báyìí? Kì í ṣe irin. Irin, mo lè rí òmíràn.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Lánàá, Mama wá sí ṣọ́ọ̀bù. Orúnkún tí wọ́n ní mo bà jẹ́ yẹn ló fi gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá dìde fún un, ó bọ́ síta. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí ni, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dárí jì í. Mama ò bẹ̀ mí. Ó bi mí pé ṣé ó ṣeé tẹ̀ padà, àwo òun? Mo ní ọmọ yín ti sọ ọ́ sí gọ́tà. Ó tú nylon dúdú kan, ó yọ àwo idẹ tuntun jáde, òun fúnra rẹ̀ ló lọ rà á ní Òṣòdì. Ó ní èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, òòlù ò ní rí i tẹ̀. Ó ní kí n ṣe òmíràn. Àti pé tó bá di Sunday, kí n ṣáà kúnlẹ̀ fún wọn kí ọ̀rọ̀ lè tán, ọmọdé ni mí, mo máa dìde, àmọ́ tí wọ́n bá gbé òun lọ sí Ìkòròdú, òun ò ní dìde mọ́. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tààrà, kò wẹ̀yìn. Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ó di ọwọ́ mi mú kó wò ó bó ṣe máa ń wò ó. Kò wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n má gbàgbé ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn, kí n jẹ́ kó ká dé ibi tó ká dé lọ́jọ́ kìíní, ó ti wu òun jù. Ó wá lọ wọ kẹ̀kẹ́.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà á. Ẹni tó ti rí orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀... mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni kó wá tẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ kí tirẹ̀ má bàa bọ́ síbẹ̀? Èmi tó sọ di ọmọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ nínú pálọ̀ yẹn, kó ní: Èmi ni mo rán an. Ó tán. Kò sọ ọ́, kò sì fẹ́ sọ ọ́, ó sì tún fẹ́ kí n bá òun ṣe é kó dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, mi ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì ní kí n lọ máa gbàdúrà, mò ń gbà á. Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Àwo tuntun náà wà níwájú mi báyìí, mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí i, Àbẹ̀kẹ́ àti ìyókù, tí mo bá fi ìka pa á, ó ti lọ nìyẹn. Àmọ́ ó ti ń ṣe mí bíi kí n fín in. Kí n fín in dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá wá di Sunday, mi ò ní kúnlẹ̀, mi ò ní pariwo, mi ò ní da ìbúra tí mo fi ọmọ mi ṣe, torí ẹnu mi ni mo fi búra, mi ò fi ọwọ́ mi búra, ọwọ́ náà ni mo sì fi kọ èyí sí yín. Mo kàn máa gbé àwo náà sórí tábìlì àárín pálọ̀, níwájú Dádì Ìlasà, níwájú ọkọ mi, níwájú Àǹtí Bùsọ́lá àti fóònù rẹ̀. Mi ò ní ka orúkọ náà sókè. Mi ò ní fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo máa sún sẹ́yìn bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi, kí ẹni tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un.

Ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé mo ti dalẹ̀ nìyẹn? Ṣé ó lè bọ́ sọ́rùn ọmọ mi? Tàbí kí n fi ìka pa pẹ́ńsù yìí, kí n kó irin mi lọ fún wọn? Mo ti rò ó títí, ibì kan ṣáá ni mò ń dé. Tí mo bá gbé e sórí tábìlì yẹn, tí mo sún sẹ́yìn, tí gbogbo wa ń wò ó... tí Mama bá tún wo etí ìró rẹ̀, tí kò mú un ńkọ́?